Insurance ti Bìní: Ọdún Ìpadàbọ̀

Nínú líìgì bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ikọ̀ tó bá ta ọ̀mì lájò ti ṣe bẹbẹ. Ẹni tó ń tẹ̀lé líìgì náà kò ní bèèrè ìdí. Onílé ló máa ń borí. Ọ̀nà jìn, kòtò pọ̀ lójú títì, àwọn ajínigbé wà nínú igbó, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì sì lọ̀pọ̀ ikọ̀ ń wọ̀. Kí àlejò tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le. Èrò tó bá lórí ìjókòó kì í ṣe tirẹ̀, bí rẹfirí bá sì fẹ́ fọn fèrè, ó máa ń fojú kan wo èrò náà kó tó fọn ọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi ka ohun tí Bendel Insurance ti Bìní ṣe ní sáà 2022/23 mọ́ iṣẹ́ tó gún régé jù lọ tí ikọ̀ kan ti ṣe nílẹ̀ yìí láìpẹ́ yìí. Ipele kejì ni wọ́n ti ń bọ̀. Wọ́n wọ ipele àgbà nígbà tí sáà ṣí ní oṣù Kìíní ọdún 2023, wọ́n gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 18 ní ìsọ̀rí wọn, kò sì sí ẹni tó nà wọ́n, ì báà ṣe nílé, ì báà ṣe lájò.

Àwọn bàbá tó dàgbà sí Ìbàdàn àti Èkó kò nílò kí ẹnikẹ́ni júwe Insurance fún wọn. Vipers ni ikọ̀ náà kọ́kọ́ ń jẹ́. Ní ọdún 1972, wọ́n na Mighty Jets ti Jọ́ọ̀sì, wọ́n gba Challenge Cup. Nígbà tó di ọdún kejì, wọ́n gba líìgì. Wọ́n tún gba líìgì ní 1979. Ní ti Challenge Cup, wọ́n lu Rangers ti Enugu ní 3-0 ní ọdún 1978, ìlù tí àwọn ará Enugu kò tètè gbàgbé. Ní 1980, wọ́n fi ayò kan ṣoṣo gba ife náà mọ́ Stationery Stores lọ́wọ́, gbogbo ará Èkó tó ti ń pariwo “Up Super” sì rọra wábi jókòó sí. Àkókò yẹn, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà, Shooting Stars tiwa àti Rangers ni wọ́n máa ń dárúkọ, wọ́n á sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹ̀yà sí ẹ̀yà. Bìní ló wà láàárín àwọn méjèèjì, tí kò sì gbà fún èyíkéyìí nínú wọn.

Kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Samuel Ogbemudia, ọmọ ogun tó ṣe gómìnà Mid-West láti 1967 sí 1975, mú eré ìdárayá bí ẹni mú ọ̀rọ̀ ìjọba. Pápá ìṣeré tó wà ní Bìní lónìí, orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ogbe lasán ni ará ìlú ń pè é. Ibùdó ìgbaradì tó wà ní Afuze, níbi tí àwọn ọmọ tó ń sáré, tó ń fò, tó ń ja ẹ̀ṣẹ́ ti ń gbara dì, ọwọ́ rẹ̀ náà ni ìdí rẹ̀ wà. Nígbà tí bọ́ọ̀lù gbóná tán ní Bìní, ikọ̀ ńlá kan ṣoṣo kò tó ìlú náà mọ́. New Nigeria Bank dá tiwọn sílẹ̀, Stephen Keshi gbá bọ́ọ̀lù fún wọn kó tó di ẹni tí gbogbo Áfíríkà mọ̀, wọ́n sì gba líìgì ní ọdún 1985. Ìlú kan, ikọ̀ méjì tó ti gba líìgì Nàìjíríà. Ìbàdàn kò lè sọ irú ẹ̀ nígbà yẹn, ẹ má bínú.

Wọ́n yí orúkọ Mid-West padà sí Bendel ní 1976. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, ìjọba ológun pín Bendel sí Ẹdó àti Delta. Láti ìgbà náà, kò sí ìpínlẹ̀ kan tó ń jẹ́ Bendel mọ́, ṣùgbọ́n ikọ̀ bọ́ọ̀lù kò yí tirẹ̀ padà. Bí olóòtú rédíò bá ń ka èsì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọjọ́ Àìkú, ó ṣì máa ń pe orúkọ ìpínlẹ̀ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé kò bá nínú ìwé wọn. Mo mọ àwọn tó rò pé ó yẹ kí wọ́n pa á rẹ́. Èmi kò sí lára wọn.

Insurance ṣì lágbára díẹ̀ lẹ́yìn ìpínyà náà, wọ́n gba ife ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, WAFU Cup, ní 1993 àti 1994. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Wọ́n jábọ́ sí ipele kejì, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n gòkè fún sáà 2018/19, wọ́n tún já padà lẹ́yìn sáà kan náà.  Benin Arsenals ni ìnagijẹ ikọ̀ náà láti ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan lọ́nà Ekenwan, tí ẹ sì kígbe “Arsenal,” ti London ni gbogbo ojú máa wá lára ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n.

Ìjọba Godwin Obaseki, gómìnà Ẹdó nígbà náà, ló tún Ogbe ṣe, nítorí Bìní ló gba àlejò Àjọ̀dún Eré Ìdárayá orílẹ̀-èdè tó yẹ kó wáyé ní 2020, tí àrùn Kòrónà sún sí oṣù Kẹrin ọdún 2021. Ìjókòó tuntun wà, iná wà, orí ilẹ̀ tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lé dára. Philip Shaibu tó jẹ́ igbákejì gómìnà ló gbé ọ̀rọ̀ eré ìdárayá lé èjìká, ó sì nífẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù débi pé òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù Insurance. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan ní òṣèlú ni. Bó ti wù kó rí, ilé ti wà nílẹ̀, ẹni tí yóò gbé inú rẹ̀ ló kù. Ní 2022, Insurance gòkè pẹ̀lú El-Kanemi Warriors, Doma United àti Bayelsa United.

Sáà tí wọ́n bọ́ sí kì í ṣe sáà tó rọrùn. Wọ́n ti tú ilé iṣẹ́ tó ń darí líìgì tẹ́lẹ̀ ká, ìgbìmọ̀ fìdí-hẹ́ẹ tí Gbenga Elegbeleye ṣe alága rẹ̀ ló sì gba iṣẹ́. Àkókò ti lọ, nítorí náà wọ́n gé líìgì kúrú: ikọ̀ 20, ìsọ̀rí méjì, mẹ́wàá-mẹ́wàá, mẹ́ta tó bá síwájú nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan yóò wá pàdé ní Èkó láti du ife. Sáà kúkúrú kò fún ikọ̀ tó bá kọsẹ̀ láyè láti dìde. Oṣù Kejì dé, ìdìbò ààrẹ dé, owó náírà tuntun sì di ohun àwátì. Ẹni tó ní owó nínú báńkì kò rí i ná, olówó àti tálákà jọ tò sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń pọwó. Ìyá tó ń ta ẹ̀pà àti omi inú ọ̀rá lẹ́nu ọ̀nà pápá ìṣeré kò ní ṣéńjì, oníbàárà rẹ̀ náà kò sì ní owó tí wọn yóò fi bèèrè ṣéńjì. Irú ìgbà báyìí ni wọ́n ní kí ikọ̀ tó ti ipele kejì dé wá fi ẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ìsọ̀rí A ni wọ́n bọ́ sí, ìsọ̀rí náà kì í ṣe ti ọmọdé. Enyimba ti Aba wà níbẹ̀, ikọ̀ tó ti gba ife ẹ̀yẹ líìgì ju ẹnikẹ́ni lọ ní Nàìjíríà. Akwa United, Plateau United, Gombe United, Nasarawa United àti El-Kanemi wà níbẹ̀. Tiwa wà níbẹ̀ náà: Shooting Stars, Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, àti Kwara United. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún àwọn ọmọ tó ń wọ bọ́ọ̀sì láti Bìní. Ti Ìkẹ́nnẹ́ ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù, wọ́n á gba Ọ̀rẹ̀ kọjá lọ sí Ṣágámù, ọ̀nà tí gbogbo wa mọ̀, tí gbogbo wa sì máa ń ṣàdúrà kí a tó gbà á. Ti òkè ọya ni iṣẹ́. Wọ́n á gba Auchi, wọ́n á gba Òkéné, wọ́n á kọjá odò ní Lọ́kọ́ja, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú kan Gombe. Ẹni tó bá ti jókòó sínú ọkọ̀ fún irú ìrìn yẹn rí yóò mọ̀ pé bí ènìyàn bá sọ̀ kalẹ̀, ibùsùn ló máa ń wá, kì í wá bọ́ọ̀lù.

Monday Odigie ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Ohun tó kọ́ àwọn ọmọ náà kì í ṣe èyí tí yóò mú kí èrò fò sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Sùúrù ló kọ́ wọn. Wọn kì í ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ torí pé wọ́n ń wá ayò níwájú. Ẹni tó wà láàárín kì í gbàgbé ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọn kì í wo ojú ara wọn láti mọ ẹni tó jẹ̀bi, ìyẹn di ìgbà tí eré bá tán. Ọ̀mì pọ̀ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn, mi ò ní tan yín. Ṣùgbọ́n ọ̀mì lóríṣiríṣi ni. Èyí tí onílé ta nítorí pé kò mọ ohun tó kàn ń súni. Èyí tí àlejò lọ gbà ní Aba tàbí Uyo yàtọ̀ pátápátá, ó sì yẹ kí ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó sọ pé bọ́ọ̀lù náà kò dùn.

Ẹ jẹ́ kí n mú ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn nínú irú rẹ̀, nítorí ó ṣẹlẹ̀ léraléra ní sáà náà. Onílé ń wá ayò, ilẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀, èrò ti dìde lórí ìjókòó. Àwọn ọmọ Bìní mẹ́rin tó wà lẹ́yìn ti sún mọ́ra débi pé bí ẹ bá ta aṣọ lé wọn lórí, yóò bo gbogbo wọn. Bọ́ọ̀lù gíga dé láti ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan nínú wọn á fi orí gbé e sọ nù, kì í ṣe lọ sí ibi tó bá rí, ibi tí ẹnì kan ti ń dúró dè é ni. Ẹni náà kò ní sáré. Á fi ẹsẹ̀ tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, á fi ẹ̀yìn ti ẹni tó ń lé e, títí onítọ̀hún á fi gbá a lẹ́sẹ̀ tí rẹfirí á sì fọn fèrè. Ìṣẹ́jú kan ti lọ nìyẹn. Amas Obasogie tó ń ṣọ́ ilé á rìn lọ gbé bọ́ọ̀lù náà kalẹ̀, á yí i sọ́tùn-ún, á yí i sósì, á tún fọwọ́ júwe fún àwọn tó wà níwájú. Èrò á bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Inú rẹ̀ á dùn sí i. Kò sí ohun tó ń dá ọkàn àwọn onílé rú bíi kí àlejò má kánjú. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, ọ̀kan á fò kọjá lórí igi, èkejì á bọ́ sọ́wọ́ Obasogie tó ti dúró sí ojú ibẹ̀ kó tó dé. Bí fèrè ìkẹyìn bá dún, àwọn Bìní á gbọn ọwọ́, wọ́n á lọ wọ bọ́ọ̀sì wọn.

Bí wọ́n ṣe parí 18 nìyẹn láìṣubú, tí wọ́n sì ṣe ìkíní nínú ìsọ̀rí náà, níwájú Remo Stars àti Enyimba. Ikọ̀ tó gòkè lọ́dún tó kọjá! Àwọn tó wà nípò yẹn, kí wọ́n má já padà ni wọ́n sábà máa ń tọrọ.

Ní oṣù Kẹfà, ikọ̀ mẹ́fà pàdé ní Onikan, ní pápá tí wọ́n ń pè ní Mobolaji Johnson Arena. Ibí yìí ni mo ti rò pé ìwà tó gbé wọn dé Èkó dí wọn lọ́wọ́ díẹ̀. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 18, ọ̀mì máa ń kóra jọ, á di nǹkan ńlá. Nínú márùn-ún péré, ẹni tó bá ń wá ife gbọ́dọ̀ jáde lọ bá ènìyàn nínú ilé rẹ̀. Enyimba mọ èyí, ó ti mọ́ wọn lára. Ìṣòro kò sí fún wọn láti jẹ́ ẹni kẹta nínú ìsọ̀rí kí wọ́n sì wá jí nígbà tí owó bá dé orí tábìlì. Àwọn ló gbé ife náà lọ sí Aba, ó sì di ìkẹsàn-án tí wọ́n gbà. Insurance padà sí Bìní lọ́wọ́ òfo ní ti líìgì. Mi ò rí i bí àbùkù. Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ́ Odigie, mi ò bá ti ní kí wọ́n fi ewu ṣeré díẹ̀ ní Onikan.

Ife kan ṣì wà nílẹ̀, Federation Cup, ohun tí àwọn àgbà ń pè ní Challenge Cup. Asaba ni àṣekágbá ti wáyé, Rangers sì ni ẹni tí wọ́n bá pàdé. Ẹ gbọ́ bí nǹkan ṣe rí. Asaba ni olú ìlú Delta, abala kejì Bendel tí wọ́n pín ní 1991, nítorí náà Insurance kò fi bẹ́ẹ̀ jáde nílé bàbá wọn. Pápá tí wọ́n gbá a ń jẹ́ orúkọ Stephen Keshi, ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù ní Bìní nígbà èwe rẹ̀, tó sì kú sí Bìní ní oṣù Kẹfà ọdún 2016. Rangers tí wọ́n sì dojú kọ ni Rangers kan náà tí wọ́n nà ní 3-0 ní 1978. Lọ́tẹ̀ yìí, ayò kan ṣoṣo ló wọlé, Insurance ló jẹ ẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ṣe ohun tí wọ́n ti ń ṣe láti oṣù Kìíní: wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọdún 43 ti kọjá láti ìgbà tí wọ́n gba ife náà mọ́ Stationery Stores lọ́wọ́. Àwọn tó wà ní ọmọ ogún ọdún nígbà yẹn ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì, tí ìjọba bá san án.

Ife yẹn ló gbé wọn lọ sí ìdíje Confederation Cup ti Áfíríkà ní sáà tó tẹ̀ lé e. Wọ́n yọ ASO Chlef ti Algeria kúrò lọ́nà. Ẹni tó bá ti bá àwọn ará àríwá Áfíríkà gbá bọ́ọ̀lù rí mọ̀ pé wọ́n mọ ìtumọ̀ kí ènìyàn má kánjú, àwọn náà ni ọ̀gá nínú fífi àkókò ṣòfò. Insurance sì bá wọn ṣe é ní tiwọn. RS Berkane ti Morocco ló dá wọn padà. Berkane kò kéré: àṣekágbá ìdíje náà ni wọ́n bá a dé, kí Zamalek ti Íjíbítì tó gba ife mọ́ wọn lọ́wọ́. Èmi gbà pé ibi tó yẹ kí ikọ̀ tó wà ní ipele kejì lọ́dún méjì sẹ́yìn dúró sí ni wọ́n dúró sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Bìní kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹdó kì í gbà pé ẹnikẹ́ni ju òun lọ, bóyá nínú bọ́ọ̀lù ni o, tàbí nínú ọ̀rọ̀ Ọ̀rànmíyàn, tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní alẹ́, ilẹ̀ máa mọ́ bá yín ni.

Ikọ̀ náà kò wà papọ̀ pẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ikọ̀ tó bá dára nílẹ̀ wa ṣe máa ń rí. Owó oṣù kò tó nǹkan, ilẹ̀ òkèèrè ń pè. Obasogie lọ sí Tanzania, ó ṣọ́ ilé fún Singida Black Stars, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti pè é wá sínú Super Eagles. Kò lọ sí Yúróòpù kí wọ́n tó rí i. Bìní ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró níbi tí bọ́ọ̀lù máa dé, Singida tàbí Èkó, iṣẹ́ kan náà ni.

Àwọn obìnrin ló wá gba ọ̀nà náà lọ jìnnà. Edo Queens, tí àwọn náà ń gbá bọ́ọ̀lù ní Bìní, gba líìgì àwọn obìnrin Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 2024, wọ́n borí ní ẹkùn ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì wọ Champions League àwọn obìnrin Áfíríkà tí wọn kò dé rí. Morocco, ilẹ̀ tí àwọn ọkùnrin ti kọsẹ̀, ni wọ́n ti gbá a ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Mamelodi Sundowns ti Gúúsù Áfíríkà tó ni ife náà lọ́wọ́ wà nínú ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú wọn. Sundowns ló kó ẹrù padà sílé, Edo Queens dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, AS FAR ti Morocco ló sì dá wọn dúró. Moses Aduku ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Mo wo bí àwọn ọmọbìnrin náà ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n yá ju àwọn ọkùnrin 2023 lọ, wọ́n sì máa ń jáde lọ bá ènìyàn nínú ilé rẹ̀.